Pípẹ́ lára nìkan kọ́ la fi ń yan lọ́fíńdà

Ọjà Tákíè,
Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Sí Olóòtú,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ohun tó mú mi gbé kálàmù lọ́tẹ̀ yìí ni lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde láti ọwọ́ òǹkàwé yín kan, ẹni tó sọ pé lọ́fíńdà tí ènìyàn bá fín láàárọ̀, tí kò sì gbóòórùn rẹ̀ lára mọ́ nígbà tí ọjọ́ bá rọ̀, owó ni olúwa rẹ̀ dà sómi. Ó fi kún un pé bí ènìyàn bá ń yàn láàárín lọ́fíńdà olódòdó méjì, kí ó mú èyí tó le jù tó sì pẹ́ jù lára, kí ó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lórí èkejì. Mo bọ̀wọ̀ fún òǹkọ̀wé náà, ṣùgbọ́n èmi tí mo ń ta lọ́fíńdà jẹun kò lè fara mọ́ ìmọ̀ràn yìí, nítorí pé òun gan-an ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ obìnrin nílùú yìí ní ìgò olówó gọbọi lórí tábìlì tí wọn kò lè fín lọ síbi iṣẹ́, tí wọn kò sì lè fún ẹlòmíràn nítorí ó dùn wọ́n láti yọ̀ǹda rẹ̀.

Lẹ́tà náà kò tíì kúrò nílẹ̀ nígbà tí oníbàárà mi kan, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ń pè ní mọ̀mí nítorí pé ó ju mi lọ dáadáa, mú irú ìbéèrè kan náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà fẹ́ ra lọ́fíńdà kan fún un, ó sì ti fi ìgò tíńtín méjì rán ẹni tó ń bọ̀ wálé, kí màmá lè gbóòórùn àwọn méjèèjì kí ó tó sọ èyí tó fẹ́. Diorissimo ti ilé iṣẹ́ Dior ni ọ̀kan. Fracas ti ilé iṣẹ́ Robert Piguet ni èkejì. Kí n tètè sọ ọ́ pé n kò ta èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì, nítorí pé ojúlówó wọn kì í dé ọ̀dọ̀ wa níbí, nítorí náà kò sí èrè kankan tí mo ń wá nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Òdòdó funfun ni wọ́n fi gbé lọ́fíńdà méjèèjì ró. Kódà àwọn oníléeṣẹ́ méjèèjì mọ ara wọn: kí Christian Dior tó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ Robert Piguet, aránṣọ ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó fìdí kalẹ̀ sí Paris, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán aṣọ ní 1938. Síbẹ̀, bí ẹ bá gbé òórùn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ kò ní gbà pé ará ilé kan náà ni wọ́n, èyí sì ni ó jẹ́ kí yíyàn láàárín wọn dára fún àpẹẹrẹ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ọdún 1956 ni Diorissimo jáde. Edmond Roudnitska ni ó pò ó, òdòdó tí ó sì fara wé ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní muguet, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ tó máa ń so rọ̀ lára ọ̀pá rẹ̀, tó sì máa ń tanná nígbà tí òtútù bá ti ń kúrò nílẹ̀ Yúróòpù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, òun ni àwọn ará Faransé máa ń fi ta ara wọn lọ́rẹ, Dior fúnra rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń fi í sí àyà kóòtù rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ nípa òdòdó yìí ni pé kò ṣeé fún epo. Ẹ lè kó o jọ kún yàrá, kí ẹ sè é, kí ẹ fún un, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú ọtí, òórùn rẹ̀ kò ní jáde lọ́nà tó ṣeé fi ṣòwò. Nítorí náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo lọ́fíńdà muguet tó wà láyé ni ọwọ́ ènìyàn to òórùn wọn pọ̀ láti ara àwọn èròjà mìíràn, èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn èròjà náà sì ni hydroxycitronellal, tó ti wà lọ́wọ́ àwọn apolọ́fíńdà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Roudnitska kò gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí. Ó gbin òdòdó náà sínú ọgbà rẹ̀ ní Cabris, nítòsí Grasse, ìlú iṣẹ́ lọ́fíńdà nílẹ̀ Faransé, kí ó lè máa bẹ̀rẹ̀ gbóòórùn rẹ̀ bó ṣe rí gan-an ní gbogbo ìgbà tó bá ń po.

Ẹni tí kò rí muguet rí, bí èmi náà kò ṣe rí i rí, yóò fẹ́ mọ bí òórùn náà ṣe rí. Ohun tí mo bá nínú ìgò tíńtín náà ni koríko tí ìrì sẹ̀ sí, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, àti aṣọ funfun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká kúrò lórí okùn. Kò sí adùn ṣúgà níbẹ̀, kò sí fàníílà. Nígbà tó bá tún ṣe díẹ̀, òórùn òdòdó jasmine máa ń yọjú lábẹ́ rẹ̀, á sì jẹ́ kí ó gbóná díẹ̀ ju bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ. Mo mọ ohun tí àwọn oníbàárà mi máa ń sọ bí wọ́n bá gbóòórùn irú èyí: "Ìyá olọ́fíńdà, òórùn ọṣẹ lẹ gbé fún mi yìí o." Wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n wọ́n yí ìtàn náà sódì. Àwọn oníléeṣẹ́ ọṣẹ àti ti ìyẹ̀fun ìfọṣọ ni wọ́n rí i pé òórùn muguet tí ọwọ́ ènìyàn tò máa ń rán wa létí ìmọ́tótó, ni wọ́n bá kó o sínú ọjà wọn, títí tí ọmọ ènìyàn fi gbà gbọ́ pé ọṣẹ ló ni ín. Ẹni tó bá fi ti ọṣẹ kọ Diorissimo, ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀ ni ó fi ń jẹ ẹ́ níyà.

Fracas fi ọdún mẹ́jọ ṣáájú rẹ̀. 1948 ni ó jáde. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Germaine Cellier ni ó pò ó, ní àkókò tí iṣẹ́ lọ́fíńdà pípò ní ilẹ̀ Faransé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ọkùnrin pátápátá, kò sì fi ìtìjú pò ó rárá. Òdòdó tó gbé e ró ni tuberose, tí Mẹ́síkò jẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbìn lọ́pọ̀ yanturu ní Íńdíà lónìí. Tuberose kò fi òórùn rẹ̀ pamọ́ bíi ti muguet. Àní bí a bá já a tán, ó ṣì máa ń tú òórùn jáde títí tí yóò fi rọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Grasse fi máa ń tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá tí wọ́n ti fi pa ara gíláàsì láyé àtijọ́, tí ọ̀rá á máa fa òórùn rẹ̀ mu díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á ṣa èyí tó ti rọ kúrò, tí wọ́n á tẹ́ òmíràn sí i, títí tí ọ̀rá náà kò fi ní lè gba òórùn kankan mọ́, kí wọ́n tó wá fi ọtí líle fọ òórùn náà kúrò lára ọ̀rá. Ìyá tó bá ti gbé igbá òrí sí ẹ̀gbẹ́ irú rí kò nílò kí n ṣàlàyé èyí fún òun. Lónìí, ọ̀nà tó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń gbà yọ ọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kò parun: ní 2018, àjọ UNESCO kọ iṣẹ́ lọ́fíńdà agbègbè Grasse sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá ọmọ aráyé.

Bí ẹ bá ń wá ohun tó sún mọ́ òórùn tuberose nítòsí wa, ẹ lọ dúró lábẹ́ igi ọsàn tó tanná nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Òórùn yẹn, tó dùn, tó dùn, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dùn jù, ìbátan rẹ̀ ni, òdòdó ọsàn pàápàá sì wà nínú Fracas. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní indole, ó wà nínú òdòdó ọsàn, ó wà nínú jasmine, ó wà nínú tuberose. Bí ó bá pọ̀, yóò dà bíi káńfọ̀ tí à ń jù sínú àpótí aṣọ. Bí ó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni yóò rán ènìyàn létí. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ níwọ̀n, òun ló ń jẹ́ kí òórùn òdòdó funfun kún, kí ó sì fani mọ́ra. Tuberose tún ní methyl salicylate, èròjà kan náà tó máa ń ta sí wa nímú bí a bá ṣí agolo àbọ́níkì. Mọ̀mí olùkọ́ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bó ti gbé Fracas sún mọ́ imú, ó fà á padà, ó wò mí lójú, ó ní, "Ìyá olọ́fíńdà, ta ló fi àbọ́níkì sí ibí yìí?" Mo ní kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀, ma. Kò pẹ́ tí àbọ́níkì náà fi lọ, tí bọ́tà àti òdòdó fi gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, tí aládùúgbò mi tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ fi yọjú wá béèrè ohun tí a ń ṣe.

Ó yẹ kí n wá dá òǹkọ̀wé yín lóhùn lórí ọ̀rọ̀ pípẹ́. Òótọ́ ni pé Fracas pẹ́ ju Diorissimo lọ, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó fà á kì í ṣe pé ẹnì kan mọ iṣẹ́ ju ẹnì kejì lọ. Inú gbogbo lọ́fíńdà ni èròjà tó fúyẹ́ wà, tó ń tètè fò lọ, àti èyí tó wúwo, tó ń lẹ̀ mọ́ ara. Òórùn tútù, òórùn ìrì, òórùn èèpo ọsàn, ara àwọn tó fúyẹ́ ni wọ́n wà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè dá wọn dúró di alẹ́ láìsọ wọ́n di nǹkan mìíràn. Fracas ní tirẹ̀ kún fún èyí tó wúwo, wọ́n sì tún fi òórùn igi sandalwood àti ti musk, tí àwọn méjèèjì wúwo, tì í nídìí. Kí Diorissimo má pẹ́ tó Fracas, àbùdá rẹ̀ ni, kì í ṣe àbùkù.

Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Bí ẹ bá rí eau de toilette, ojúlówó òórùn inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá 5 sí 15 nínú 100, ìyókù jẹ́ ọtí. Bí ẹ bá rí eau de parfum, ó sábà máa ń tó ìdá 15 sí 20. Eau de toilette ni Diorissimo tí ọmọ náà fi ránṣẹ́, eau de parfum sì ni Fracas rẹ̀. Ẹni tó bá wá fín àwọn méjèèjì, tó sì ní òun ti fi wọ́n wé ara wọn, kò tíì fi wọ́n wé ara wọn rárá.

Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, tí òǹkọ̀wé yín kò sì mẹ́nu bà rárá, ni pé imú máa ń rẹ̀. Òórùn tó bá wà lára wa láti àárọ̀, imú wa kì í kà á sí mọ́. Ó ti di ti ilé. Ẹni tó wọ yàrá ìdáná tí wọ́n ti ń dín ẹja yóò sín, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dín in kò gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, bí ènìyàn bá sọ pé òun kò gbóòórùn lọ́fíńdà òun mọ́ nígbà tó di ọ̀sán, ohun tó sọ kò kọjá pé imú òun ti rẹ̀. Àwọn tó jókòó tì í lè máa gbọ́ ọ kedere. Mo ní oníbàárà kan, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni, tó ń wá ra ọ́ìlì lọ́wọ́ mi lemọ́lemọ́, tó ń ráhùn pé kì í pẹ́ lára òun, tó sì ń pa á lé ara wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi ọgbọ́n wá bẹ̀ mí ní ìkọ̀kọ̀ pé kí n sọ fún un pé ọjà náà ti tán, nítorí pé fèrèsé ọ́fíìsì wọn kì í ní àyè láti tì mọ́.

Ojú ọjọ́ tiwa náà ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í sì í ṣe ìpín kékeré. Ní Paris tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé àwọn lọ́fíńdà yìí jáde, òtútù máa ń tẹ òórùn mọ́ ara, ènìyàn sì lè fín Fracas dáadáa kí ó má ju ọrùn kóòtù rẹ̀ lọ. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, nínú oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, tí iná lè lọ kí fáànù sì dákẹ́ nígbàkígbà, ooru á gbé ohun kan náà kúrò lára, á sì pín in fún gbogbo ẹni tó wà nínú ilé. Ooru kan náà ni yóò mú kí Diorissimo tètè parí, n kò sẹ́ èyí. Ti ọyẹ́ tún yàtọ̀: awọ ara á gbẹ, kò sì ní rí nǹkan kan fi di òórùn mú. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi nígbà ọyẹ́ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìpara tí kò ní òórùn pa ọrùn àti ọwọ́, kí wọ́n tó fín lọ́fíńdà lé e, èyí á sì jẹ́ kí èyí tó fúyẹ́ pẹ́ díẹ̀ sí i. Òrí tó mọ́ dára fún un. Òrí tó ti ń kan kò dára fún ohunkóhun.

Bí a ṣe dán àwọn ìgò náà wò nìyí, nítorí pé mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín lè ṣe é fúnra wọn. N kò jẹ́ kí mọ̀mí gbóòórùn láti inú ìdérí, nítorí pé ibẹ̀ ni irọ́ pọ̀ sí jù. Mo kán Diorissimo sí ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀, mo kán Fracas sí ti ọ̀tún, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má fi ọwọ́ ra ọwọ́, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ó máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ó má ṣe ìpinnu kankan títí tí yóò fi padà dé. Ó dé lẹ́yìn tí wọ́n ṣíwọ́, ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà ní ìka rẹ̀, ó jókòó, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. N kò tíì tẹ orí ba tí òórùn Fracas ti pàdé mi. Fún Diorissimo, mo ní láti gbé imú lé awọ ara rẹ̀ gan-an. Ohun tó kù kò ju òdòdó díẹ̀ lọ, ó mọ́, ó tutù, bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń ta sánsán, tí kì í ṣe ohun tó fín. Ó wá ròyìn ọjọ́ náà fún mi. Àwọn ọmọ tó jókòó níwájú nínú kíláàsì ti béèrè pé, "Mà, ṣé òde lẹ ń lọ ni?" Olùkọ́ ìṣirò tí wọ́n jọ ń jókòó nínú yàrá àwọn olùkọ́ kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Nígbà tó sì ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, gbogbo ìwé tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kàn ni ó gba òórùn náà lọ sílé.

Ìwọ̀n tí èmi máa ń lò nìyẹn, dípò iye wákàtí. Mo máa ń béèrè bí òórùn náà ṣe ń jìnnà sí ara tó, àti ta ni ó wà láàárín ibi tó dé. Ẹni tó ń dúró níwájú ọgọ́rin ọmọ nínú kíláàsì kan, tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi pẹ̀lú èjìká ẹlòmíràn lára èjìká rẹ̀, tó sì ń wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n fún un mọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn, kò yẹ kí ó máa gbé Fracas kiri lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹnì kan nínú ọkọ̀ yẹn lè ní ikọ́ fée. Ẹlòmíràn lè lóyún, kí òórùn líle sì máa rìn ín. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ̀ kalẹ̀ ní agbedeméjì ọ̀nà nítorí lọ́fíńdà ẹni ẹlẹ́ni. Diorissimo kì í bá wọn fa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dì mọ́ yín ni yóò gbọ́ ọ, inú rẹ̀ á sì dùn.

N kò wá sọ pé Fracas kò níyì o. Bí ó bá jẹ́ òwàḿbẹ̀ ni, lábẹ́ kánópì, tí èéfín igi ìdáná ìrẹsì ń fẹ́ wá láti ẹ̀yìnkùlé, tí jẹnẹrétọ̀ ń tú èéfín tirẹ̀, tí àwọn tó ń jó sì ti ń làágùn, kí ẹ tó rí àga jókòó ni Diorissimo ti pòórá, owó yín yóò sì dùn yín ní tòótọ́. Irú ibẹ̀ ni Fracas ti mọ̀ ọ́n rìn. Obìnrin tó wé gèlè aṣọ òkè, tó sì fín in díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí nìkan, kò ní láti pariwo kí àwọn ènìyàn tó mọ̀ pé ó ti dé. Kìkì pé kí ó má fín in sára aṣọ òkè náà fúnra rẹ̀: ó lè fi àbàwọ́n sí sányán, òórùn rẹ̀ yóò sì wà nínú àpótí di ọdún Iléyá tó ń bọ̀, bí obìnrin náà bá fẹ́ tàbí bí kò fẹ́.

Àwọn ọkùnrin tó bá ka èyí, tí wọ́n sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni, kí wọ́n rántí àwọn Àlájì wa tó máa ń gba ọ́ìlì òdòdó rose ìlú Táífù bọ̀ láti Mẹ́kà. Òdòdó ni wọ́n fín yẹn, ó sì bá wọn mu.

Ó kù díẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ọ́ìlì tí àwa fúnra wa ń tà, tí wọ́n máa ń kọ orúkọ lọ́fíńdà ńláńlá sí lára. Èyí tó bá fara wé òdòdó líle máa ń dára díẹ̀, nítorí pé èròjà tó wúwo kò bínú sí ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n èyí tó bá fara wé muguet sábà máa ń di ọṣẹ ní tòótọ́, nítorí pé kò sí ọtí níbẹ̀ tí yóò gbé òórùn tútù náà dìde kúrò lára. Mo ń tà á, mo sì ń sọ èyí fún ẹni tó bá béèrè. Nǹkan mìíràn ni pé ẹni tó bá ní ìgò muguet àtijọ́ láti ọwọ́ ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ retí pé tuntun yóò bá a mu régí: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2022 ni Ìparapọ̀ Yúróòpù ti fòfin de Lilial, èròjà kan tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń to irú òórùn yìí, àwọn apolọ́fíńdà sì ti ní láti wá nǹkan mìíràn fi dípò rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ènìyàn kúkú ra méjèèjì, kí ó máa fi ọ̀kan lé èkejì lórí. Mo ti rí ẹni tó ṣe é. Fracas ni gbogbo ènìyàn gbọ́; Diorissimo dà bí ẹni tí wọn kò pè síbẹ̀.

Mọ̀mí olùkọ́ ti ka lẹ́tà òǹkọ̀wé yín sí mi létí ní ṣọ́ọ̀bù kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ti pinnu pé Fracas ni òun yóò mú nítorí pé owó ọmọ ni, kò yẹ kí ó ṣòfò. Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo ròyìn rẹ̀ yìí, ó tún kán àwọn méjèèjì lọ sí ibi ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin, ó tún kán wọn lọ sí ọjà Jagun, kí ó tó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pé Diorissimo ni òun fẹ́, kí ó jẹ́ ìgò kékeré, kí ẹni tí yóò bá a gbé e bọ̀ má sì gbé e síbi tí oòrùn ti ń pa ọkọ̀, nítorí pé ooru àti ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ba lọ́fíńdà jẹ́ jù. Ó ní òun yóò máa gbé èyí tó kù nínú ìgò tíńtín náà sínú àpò, òun á tún un kán lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìyẹn sì ti tó. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ní Aràdà ló gba ìyókù Fracas. Ó ní òun ní ìgbéyàwó méjì lọ́jọ́ Sátidé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Oníṣòwò lọ́fíńdà kan,
Ògbómọ̀ṣọ́.